Àbájọ! Lẹ́tà ṣíṣí sí Sẹ̀nyọ́, tíṣà eré ìdárayá

Ṣàgámù,
Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sẹ̀nyọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òòrùn, ẹ kú ariwo ọmọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé fèrè ẹnu rẹ kò tíì sọnù? Má jẹ̀ẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo ti po "ẹ" mọ́ "o" láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá pàdé lẹ́nu géètì ilé-ìwé, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀" ni mo máa ń kí ọ, torí ọmọ-ọmọ mi dúró tì mí, n kò sì fẹ́ kó máa fojú kékeré wo olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bí irú rẹ lọ́mọ, inú lẹ́tà la sì wà yìí. Gbà mí láyè kí n máa pè ọ́ ní "ìwọ" títí tí mo máa fi fọwọ́ síwèé. Fi ọ̀rọ̀ "ìwọ" àti "ẹ̀yin" yìí pamọ́ sí apá kan. Ẹjọ́ wà nínú rẹ̀, a ṣì máa débẹ̀.

Ìdí tí mo fi ṣí lẹ́tà yìí sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á ni pé ìwọ náà kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ ní kọ̀rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí a bá ń ra àkàrà ní òdì kejì títì, "Uno! Dos! Tres!" tìẹ ni ìyá alákàrà fi ń ka àkàrà sínú ọ̀rá. Ó ti mọ̀ ọ́n dé cinco. Ó ní ohun tó bá kù lẹ́yìn cinco, owó ni.

Ọjọ́rú tó kọjá ni mo tó fojú ara mi rí i. Ọmọ-ọmọ mi gbàgbé ìgò omi rẹ̀ sórí tábìlì, mo gbé e tẹ̀lé e. Kàkà kí n wọlé, mo fara ti fẹ́ǹsì, mo ń wòran. Ìwọ rèé nínú ṣòkòtò péńpé, jẹ́sì Real Madrid lọ́rùn, kánfáàsì funfun lẹ́sẹ̀, fèrè lẹ́nu. O gbé pátákó kékeré kan ti ìdí igi máńgòrò, o sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún gàdàgbà gàdàgbà sí i: CORRE, SALTA, PARA, ARRIBA, ABAJO. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tò ní ìlà mẹ́ta níwájú rẹ.

O fọn fèrè. "Corre!" Kí wọ́n sáré. O ká ahọ́n sókè, o jẹ́ kí "r" yẹn máa gbọ̀n lẹ́nu rẹ bí ẹ̀rọ ìlọta tó ń wá iná. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá ká, wọ́n ń ké "kọ́rẹ́, kọ́rẹ́, kọ́rẹ́!" Nígbà tí wọ́n fi máa yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ kan tí ebi ti ń pa ti mú un délé: "Ìkọ́kọrẹ́! Ìkọ́kọrẹ́!" Gbogbo ìlà fọ́n ká, ẹ̀rín bo pápá. Sẹ̀nyọ́, ọmọ Rẹ́mọ lo ń kọ́. Bí o bá pe "kọ́rẹ́" sí wọn létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewùrà tí a rin sínú ìkòkò ni ọkàn wọn máa lọ bá.

O tún fọn fèrè. "Para!" Kí wọ́n dúró. Ìdajì dúró. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré kan ní ìlà kejì, kì í ṣe tèmi o, mo dúpẹ́, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara rẹ̀ láti èjìká dé ìgúnpá, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ bu òrí fún ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ta ló fẹ́ bá a wí? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá ní kó fi nǹkan para, ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìyẹn.

Ìgbà tó wá kan "Abajo", kí wọ́n lọ sílẹ̀, o pè é bó ṣe yẹ kí a pè é, "abáhò", torí pé lẹ́nu àwọn ará Sípéènì, "j" a máa mí bí "h". Àwọn ọmọ kò wo ẹnu rẹ, pátákó ni wọ́n ń wò. "ÀBÁJỌ!" Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ké e, wọ́n sì lóṣòó pọ̀, bí ìgbìmọ̀ àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Èmi náà nídìí fẹ́ǹsì, n kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi. Àbájọ! Àbájọ tí ọmọ-ọmọ mi fi ń ṣàdédé lóṣòó láàárín pálọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo ti fẹ́ gbé e lọ fún aláwo ìkókó.

Ó yá, ẹjọ́ tí mo ní n ó pè ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà wá dúró níwájú mi, ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó ní, "Màmá, salta!" Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fò sókè, ó tún balẹ̀. Mo ní ṣé èmi ni kí n fò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Sẹ̀nyọ́ ní béèyàn bá ti gbọ́ ọ, kò gbọdọ̀ béèrè ìdí. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo fò. Kò ga, ṣùgbọ́n mo fò. Orúnkún mi dún kó.

Mo mú fóònù, mo ní kí n wo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ mí di arọ yìí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ burú ju orúnkún lọ. Sípáníìṣì kò dà bí Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ọba àti ọmọ ọwọ́. Bí àwa ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin", bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ní tú àti usted. Salta, ọmọdé tàbí ẹgbẹ́ ẹni là ń sọ ọ́ fún. Àgbà tí a bá bọ̀wọ̀ fún, salte ni. Corre fún ọmọdé, corra fún àgbà. Para fún ọmọdé, pare fún àgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí mo fẹnu ara mi kọ́ ní "ẹ jókòó, mà" ti fi èdè òkèèrè wí fún mi pé, "Ìwọ, fò!" Èmi náà sì fò! Sẹ̀nyọ́, o kó wọn wọ ilé tuntun, o fi gbogbo yàrá hàn wọ́n, o gbàgbé ibi tí àgbà máa ń jókòó sí.

Má bínú ṣá o. Bí mo ṣe ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ọ̀nà tí o gbà wù mí. Gẹ̀ẹ́sì tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ gbọ́, orí pápá ni mo ti gbọ́ ọ, ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà tí ọdún 1961 ń lọ sópin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 1955 ni èmi àti ẹgbẹ́ mi bá wọlé. "Píì Tíì" là ń pe eré ìdárayá nígbà náà. Olùkọ́ á ké "Atẹ́ńṣọ̀n!", a ó gan pa. Á ké "Sitánàtíìsì!", a ó ya ẹsẹ̀, a ó kọ́ ọwọ́ sẹ́yìn. Ó tó ọdún mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni "sitánàtíìsì". Ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí ojú mi tó rí i nínú ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ìlú San José ní Amẹ́ríkà, James Asher lorúkọ rẹ̀, tó fi àwọn ọdún 1960 wádìí irú nǹkan báyìí. Ó fi èdè àwọn ará Japan àti ti Rọ́ṣíà pàṣẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: dìde, rìn, dúró, yí padà, jókòó. Kò ní kí wọ́n sọ ohunkóhun, kí wọ́n sáà ṣe é. Ó rí i pé ohun tí ara bá ti bá ọ̀rọ̀ ṣe, ọpọlọ kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Total Physical Response ló sọ ọ́. Ìyá mi tí kò mọ ọ̀nà ilé-ìwé kò sọ tiẹ̀ lórúkọ kankan, ṣùgbọ́n òun náà ló fi kọ́ wa: wá, gbà, bù ú sẹ́nu, jókòó, kúnlẹ̀ kí bàbá. Ọmọ ò tíì lè sọ "omi" tó ti ń fi orúnkún méjèèjì dáhùn "kúnlẹ̀". Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Ìdọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń ṣe láràárọ̀, bí wọ́n bá dìde tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣé kì í ṣe ohun tí ìwọ ń fọn fèrè lé lórí nìyẹn? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa ń gba "ẹ káàárọ̀, sà" mọ́ ọn.

Nítorí náà kì í ṣe pé o fi eré kọ́ wọn lédè ni mo ń bi ọ́. Ohun tí mo ń bi ọ́ ni pé, nínú gbogbo èdè tó wà láyé, báwo ni ti Sípéènì ṣe bọ́ sí ọ lọ́wọ́? Ọdún 1996 ni ìjọba Abacha ti kéde Faransé gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba kejì nílẹ̀ yìí. Bí ọmọ Ṣàgámù bá wọ mọ́tò láàárọ̀, Faransé ni wọ́n á fi kí i káàbọ̀ sí Kútọnu lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ tiwa ní Kétu àti Pọbẹ̀, Faransé ni ilé-ìwé fi ń pàṣẹ fún wọn. Orílẹ̀-èdè onísípáníìṣì tó súnmọ́ wa jù lọ ni Equatorial Guinea, ibi tí àwọn ará ìgbàanì ń pè ní Panya nígbà tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà lọ sí oko kòkó ibẹ̀. N kò sì tíì rí oníbàárà kankan tó ti Panya wá ra obì ní Sábó tiwa níbí.

Má wulẹ̀ ronú ohun tí o máa fi dáhùn, mo mọ̀ ọ́n. Jẹ́sì ọrùn rẹ ti jẹ́rìí. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni o ti lọ gba ìwé-ẹ̀rí Sípáníìṣì, alẹ́ El Clásico lo sì ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n rántí pé nítòsí ibí náà, ní Ìkẹ́nnẹ́, Remo Stars gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní oṣù April 2025 fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi wà nílé lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ariwo tí àwọn ọmọ àdúgbò pa. Kò sí "olé!" Sípáníìṣì kankan nínú rẹ̀.

Bó bá ṣe pé ohun àjèjì ni mo kórìíra ni, Ṣàgámù kọ́ ni mi ò bá máa gbé. Ìlú mẹ́tàlá ló kó ara wọn jọ ní 1872 tí wọ́n di Ṣàgámù: Ọ̀fìn, Mákùn, Èpé, Adó àti àwọn yòókù, oníkálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀ àti bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Hausa dé, a fún wọn ní Sábó, wọ́n sì ń bá wa ta obì. Olùkọ́ tó wọ ṣòkòtò péńpé pàápàá kò ṣàjèjì sí Rẹ́mọ. Tai Solarin ti wọ tiẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ, nígbà tó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Jánúárì 1956, Mayflower ló sọ ọ́, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Ẹni tó bá lè fi orúkọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe oko tí àwọn ọmọ ti ń gbin iṣu tí wọ́n ń jẹ, kò ní bínú sí corre tìẹ. Ìyàtọ̀ ni pé Solarin mọ ìdí tó fi yá a.

Wàá sì rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe ní Madrid gan-an. Láti 2004 ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ilé-ìwé elédè méjì, eré ìdárayá sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìyẹn ni pé bí ìwọ ṣe ń làágùn lábẹ́ máńgòrò ní Ṣàgámù pé "Salta!", ẹnì kan tí ìyá rẹ̀ fi salta tọ́ dàgbà ń làágùn ní Madrid pé "Jump!" Ìwọ ń yá tiwọn, wọ́n ń yá ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá pàdé lọ́nà, ẹ bá ara yín pààrọ̀ fèrè.

Jẹ́ kí n padà sídìí fẹ́ǹsì, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká nígbà tí o ké "Izquierda!", kí wọ́n yí sí òsì. Ọ̀pọ̀ wọn yí wìì, àwọn méjì sì forí gbára torí ẹnì kan yí sí ọ̀tún. Ọmọkùnrin kan wà ní ìparí ìlà kẹta, okùn bàtà rẹ̀ tú sílẹ̀. Òun kò mira. Ó wo ilẹ̀, ó ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kan pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu ẹ̀bà, ó gbé e dé ẹnu, ó wò ó. Ìgbà náà ló wá yí sí apá kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìṣì. O ti fọn fèrè sí i pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n o kò rí ohun tí ó ń ṣe. Ó ń gbé izquierda rẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọwọ́ tó fi ń jẹun ni. Nílé wọn, ẹnì kan ti gbá a lọ́wọ́ rí pé a kì í fi òsì jẹun, a kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ibẹ̀ ni òsì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tìẹ ní láti gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé ẹsẹ̀.

Izquierda fúnra rẹ̀, èèwọ̀ ló bí i. Èdè àwọn Basque tó wà ní àríwá Sípéènì ni wọ́n ti yá a, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ezker. Siniestra ni wọ́n ń pe òsì tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Látìn, ṣùgbọ́n aburú ti dì mọ́ ọn jù, wọ́n sá fún un. Ìwọ wò ó, àwa ńkọ́? Ṣé àgbà tó bá ń súre máa ń fẹ́ kí "òsì" jáde lẹ́nu òun? "Ọwọ́ àlàáfíà" ló máa pè é, torí kò fẹ́ ohun tó jọ "òṣì" nítòsí àdúrà. Àwọn sá fún òsì wọ ilé àwọn Basque, àwa sá fún un wọ inú àlàáfíà. Irú èyí ló yẹ kí o sọ fún ọmọ aláìdikùn-bàtà yẹn. Kò ní gbàgbé izquierda mọ́ láyé.

Mo wá gbọ́ ohun kan tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí Sípáníìṣì tìẹ, ó sì tún fi mí lọ́kàn sókè. Èdè náà ti mọ̀ wá kí o tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà tó wà lábẹ́ Sípéènì. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bá a lọ. Ní 1957, obìnrin ará Kúbà kan, Lydia Cabrera, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lucumí jáde, ó pè é ní Anagó. Omi, ewé, ìyá, bàbá, gbogbo wọn ló ṣì wà láàyè níbẹ̀, wọ́n kàn wọ aṣọ Sípáníìṣì lásán. Obì náà wà, àmọ́ di ẹnu mú kí àwọn alóbì wa má gbọ́: àgbọn ni wọ́n ń pè ní obì ní Kúbà, torí obì gidi kò rọrùn-ún rí. Àwọn kan padà wálé. Ìdílé Campos wà lára àwọn tó ti Kúbà dé Èkó, orúkọ wọn ló sì wà lára Campos Square, nítòsí Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ọmọ Èkó ti ń gbá bọ́ọ̀lù dòní. Campos, bí o bá wò ó nínú ìwé rẹ, pápá ni, tó ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó gún mi lọ́kàn nínú gbogbo rẹ̀ rèé. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí àwọn olórìṣà Kúbà fi ń ṣe àyẹ̀wò, diloggún ni wọ́n ń pè é. Ṣé o gbọ́ ọ? Ẹ̀rìndínlógún ni wọ́n gé lórí. Wọ́n gbé e kọjá òkun nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu ẹni tí Sípáníìṣì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀. Èmi sì pe ọmọ-ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí, ní Ṣàgámù, lórí ilẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kó ka Yorùbá fún mi. Ó ka ení dé ẹ̀wá, ó bọ́ sí "eleven". Mo ní kó ka Sípáníìṣì. Ó kà á dé veinte, kò mí.

Má dáhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, mo mọ̀. Ẹ̀bi náà ga jù ọ́ lọ. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti mú àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó di 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kó jẹ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó dáa, kí wọ́n máa gbé òfin wọlé kí wọ́n máa gbé e jáde. N kò tíì gbọ́ ọlọ́pàá tó wá mú ọmọ nítorí pé ó ka ẹ̀rìndínlógún lórí pápá. Ìwọ nìkan ni olùkọ́ tí kò ní bẹ́ǹṣì, tí kò ní ìwé kíkà, tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá lè fi èdè mẹ́ta ṣeré láìṣẹ òfin, ìwọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò tóbi. Má pa Sípáníìṣì rẹ tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ABAJO lórí pátákó, kọ "sílẹ̀". Kọ IZQUIERDA náà sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ "òsì". Bí wọ́n bá ti sáré corre tán, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ẹkùn mẹ́ran kan, torí kò sí eré tó ń múni sáré jù ú lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o máa fi Yorùbá ka fífò wọn. Mo ti dán an wò, n kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bá ọ sọ̀rọ̀.

Mo ní kí ọmọ náà fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì, ogún lápapọ̀, ní ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kìíní, Sípáníìṣì ló kà. Ó ń lọ dáadáa dé quince. Ní dieciséis, ó dúró, ó ní ó rẹ òun. Mo wo ọ̀rọ̀ náà: diez y seis, mẹ́wàá àti mẹ́fà. Ohun tó ń sọ fún ọmọ ni iye tó ti fò. Àárẹ̀ ló ń kà fún un. Lọ́jọ́ kejì, mo ka Yorùbá, ó ń tẹ̀ lé mi. Ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá, a ṣì ń rò ó mọ́ ẹ̀wá. Ẹ̀ẹ́dógún, ó ń mí hẹlẹ. Mo wá fa ẹ̀rìndínlógún já fún un: ẹ̀rin ló dín kó tó pé ogún. Ó ní, "Ẹ̀rin péré ló kù?" Ó fò. Ẹ̀tàdínlógún: ẹ̀ta ló kù. Èjìdínlógún: èjì ló kù. Ọ̀kàndínlógún. Kò jẹ́ kí n pe ogún, òun ló pè é lójú òfuurufú kó tó balẹ̀.

Sẹ̀nyọ́, mo ti ń ka nǹkan yìí láti kékeré, mo fi kọ́ ọmọ, mo fi ṣírò owó, n kò gbọ́ ọ rí títí tí ọmọ yìí fi fò ó. Àwọn tó ṣètò iye wa mọ̀ pé láti ẹ̀ẹ́dógún lọ ni ẹsẹ̀ máa ń wúwo, ni wọ́n bá yí i padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kù. Bóyá ìdí tí wọ́n fi ṣe é kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ tíṣà eré ìdárayá, ìdí wo ló tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọmọ náà jókòó, ó mu omi, ó ní, "Màmá, kí ni Sẹ̀nyọ́ máa ń pe ‘ó ku mẹ́rin’?" Mo ní n kò mọ̀, kó lọ bi ọ́. Irọ́ ni mo pa, faltan cuatro ni, mo ti wò ó lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ló máa nawọ́ sókè, nítorí náà tètè ka ìwé rẹ lálẹ́ yìí.

Bí o bá ti dá a lóhùn tán, máa bọ̀ nílé. Mo ti ra ewùrà, ẹja gbígbẹ wà, ìkọ́kọrẹ́ máa gbóná dè ọ́. Wàyí o, lẹ́tà ti parí, mo ti fọwọ́ síwèé, àdéhùn wa lórí "ìwọ" tán síbí. Ẹ ṣeun, tíṣà wa. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Corra, Sẹ̀nyọ́. Kó má baà tutù.

Èmi ni,
Ìyá àgbà tó fò nítorí yín.